Ta Ni Ó Bẹ Ọ̀wẹ̀? Ìtàn Iṣẹ́ Ìyọ̀ǹda Ara Ẹni Láàárín Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì

Ìfáárà

Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí ni ìtàn bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ṣe ń yọ̀ǹda ara wọn fún iṣẹ́ ìlú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò le. Akẹ́kọ̀ọ́ gbálẹ̀ ọjà, tàbí kí ó kọ́ àgbàlagbà ní ìwé kíkà. A yìn ín, ó tán. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá jáde kúrò nínú ọgbà yunifásítì tí ó sì wọ ìgboro láti ran ènìyàn lọ́wọ́, àwọn méjì tí agbára wọn kò dọ́gba ni ó pàdé. Bí a kò bá ṣọ́ra, inú rere lè di ìwọ̀sí lójú ẹni tí a ń ṣe é fún. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí ní ìlú Ìbàdàn, mo sì máa sọ bí ó ti ṣẹlẹ̀.

Àáró àti Ọ̀wẹ̀

Kí a tó lọ sí ìtàn, ó yẹ kí a wá òṣùwọ̀n tí a ó fi wọ̀n ọ́n. Oríṣi iṣẹ́ àjọṣe méjì ni àwọn baba wa mọ̀ dáadáa. Èkíní ni àáró. Àwọn àgbẹ̀ tí agbára wọn kò jìnnà síra yóò kó ara wọn jọ. Wọn a ro oko ẹnìkan lónìí, wọn a ro ti ẹlòmíràn lọ́la, títí yóò fi kárí. Kò sí ẹni tí yóò máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnìkejì títí, nítorí gbèsè tí a ń san padà ni. Gbà mí lójò kí n gbà ọ́ lẹ́ẹ̀rùn ni.

Èkejì ni ọ̀wẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ tí ó ju agbára rẹ̀ lọ bá dé bá, bí ilé kíkọ́ tàbí ilé bíbò, ni yóò bẹ ará àti ọ̀rẹ́. Òun ni yóò dá ọjọ́, òun ni yóò fi ibi tí iṣẹ́ wà hàn wọ́n, òun náà ni yóò sì pèsè ohun tí wọn yóò jẹ àti ohun tí wọn yóò mu. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé nínú ọ̀wẹ̀, ẹni tí a ń ràn lọ́wọ́ gan-an ni ọ̀gá ibi iṣẹ́. Iyì rẹ̀ kò dín nítorí pé ó bẹ ọ̀wẹ̀, oúnjẹ tí ó sè sì ń jẹ́rìí pé òun náà kò wá lọ́wọ́ òfo. Nítorí náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a máa bi ìtàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí a ti ń bá a lọ: ta ni ó bẹ ọ̀wẹ̀?

Whitechapel, 1884

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí, ní àdúgbò Whitechapel tí ó wà ní ìlà-oòrùn ìlú náà, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ àti òtòṣì pọ̀ sí. Àlùfáà ìjọ kan níbẹ̀, Samuel Barnett, àti Henrietta aya rẹ̀, ni wọ́n dá Toynbee Hall sílẹ̀ ní ọdún 1884. Wọ́n fi sọ orí Arnold Toynbee, ọ̀dọ́ olùkọ́ ní Oxford tí ó kú ní ọdún 1883. Ète wọn ni pé kí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin láti Oxford àti Cambridge má ṣe máa fi owó àánú ránṣẹ́ láti òkèèrè mọ́, bí kò ṣe kí wọ́n wá gbé láàárín àwọn tí wọ́n fẹ́ ràn lọ́wọ́. Wọ́n ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní ẹ̀kọ́ ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n sì ń fún àwọn tí kò lè san owó agbẹjọ́rò ní ìmọ̀ràn lórí òfin.

Kò sí ará Whitechapel tí ó bẹ ọ̀wẹ̀ yìí. Àlùfáà ni ó bẹ̀ ẹ́ fún wọn. Síbẹ̀, gbígbé tí àwọn àlejò náà gbé ibẹ̀ so èso tí ẹnikẹ́ni kò retí. William Beveridge ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti ọdún 1903 sí 1905. Òun ni ó wá kọ ìròyìn olókìkí ti ọdún 1942 lórí bí ìjọba yóò ṣe máa dáàbò bo ará ìlú lọ́wọ́ ìṣẹ́ àti àìsàn. Clement Attlee náà ṣiṣẹ́ ní Toynbee Hall. Nígbà tí ó di olórí ìjọba ní ọdún 1945, ìjọba rẹ̀ ni ó sọ ọ̀pọ̀ nínú àbá Beveridge di òfin. Ìyẹn ni pé akẹ́kọ̀ọ́ ni àdúgbò náà kọ́ ní ẹ̀kọ́ jù. Ọ̀dọ́bìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Jane Addams, ṣe àbẹ̀wò sí Toynbee Hall. Ní ọdún 1889, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Ellen Gates Starr dá irú rẹ̀, Hull House, sílẹ̀ ní Chicago.

Láti Amẹ́ríkà dé Ìbàdàn

Ọ̀nà kan tí iṣẹ́ yìí gbà dé ọ̀dọ̀ wa ni ti James Robinson, àlùfáà aláwọ̀ dúdú ní Harlem, New York. Ní ọdún 1958 ni Operation Crossroads Africa, ẹgbẹ́ tí ó dá sílẹ̀, kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nígbà ìsinmi wọn. Wọn kì í wá gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá. Àwọn àti ọ̀dọ́ Áfíríkà jọ ń po sìmẹ́ǹtì ni, wọ́n jọ ń kọ́ ilé-ìwé. Èyí súnmọ́ ọ̀wẹ̀ díẹ̀, nítorí pé onílé àti àlejò jọ wà nídìí iṣẹ́ kan náà.

Ní òru ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 1960, John Kennedy, tí ó ń du ipò ààrẹ nígbà náà, bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Michigan sọ̀rọ̀ ní nǹkan bí aago méjì òru. Ó bi wọ́n bóyá wọ́n ṣe tán láti lo ọdún díẹ̀ nínú ayé wọn ní ìlú òkèèrè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù. Wọ́n kó ìwé jọ, wọ́n fi ọwọ́ sí i pé àwọn ṣe tán. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 1961, Kennedy dá Peace Corps sílẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, àwọn ìkọ̀ kìíní tí ń bọ̀ wá sí Nàìjíríà ti dé Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn láti parí ìdálẹ́kọ̀ọ́ wọn. Iṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n bá wá. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kìíní ọdún 1955, olùkọ́ sì ti di ohun àwárí.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, ọ̀kan nínú wọn, ọ̀dọ́bìnrin tí kò ì tí ì ju ọmọ ọdún 23 lọ, kọ káàdì kékeré kan sí ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ó kọ ọ́ pé ìgboro dọ̀tí, pé ìgbé ayé àwọn ènìyàn kò lajú, pé ìta gbangba ni wọ́n ti ń ṣe ohun gbogbo. Káàdì náà kò dé ilé ìfìwéránṣẹ́. Ó bọ́ sọnù, akẹ́kọ̀ọ́ kan sì rí i. Kí ilẹ̀ tó ṣú tí yóò tún mọ́, wọ́n ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ káàkiri àwọn ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pe ìpàdé, wọ́n bínú gidigidi. Àwọn mìíràn pe àwọn àlejò náà ní amí. Ọ̀dọ́bìnrin náà tọrọ àforíjì, ó sì padà sí ìlú rẹ̀.

Ìwé ìròyìn òkèèrè pọ̀ tí ó fi èyí ṣe ẹ̀rín. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ńlá ni. Òmìnira Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún kan ni. Ohun tí ọ̀dọ́bìnrin náà kọ kì í ṣe irọ́ pátápátá. Omi ẹ̀rọ àti ilé ìgbẹ́ kò kárí Ìbàdàn nígbà náà. Ṣùgbọ́n àlejò lójú, kò fi ríran. Ó rí ìdọ̀tí, kò rí onílé. Ìjọba ni ó bẹ ọ̀wẹ̀ olùkọ́. Ẹnikẹ́ni kò bẹ ẹ̀lẹ́rìí tí yóò máa ròyìn àbùkù ilé fún ará ìta. Síbẹ̀, ó yẹ kí a bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tiwa náà léèrè. Ìgboro tí wọ́n gbèjà rẹ̀ kò jìnnà sí ọgbà wọn. Nínú àwọn tí ó pariwo lọ́jọ́ náà, àwọn mélòó ni ó ti wọ ibẹ̀ rí láti bi àwọn ìyá ọjà pé iṣẹ́ wo ni ẹ ní fún wa?

Igbó-Ọrà àti Ìdèrè

Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà, ní 1963, Yunifásítì Ìbàdàn gbé ètò ìlera kan kalẹ̀ ní Ìbàràpá, wọ́n sì fi Igbó-Ọrà ṣe ibùdó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn a máa lọ gbé ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ara ẹ̀kọ́ wọn ni, a kò lè pè é ní ìyọ̀ǹda ara ẹni pátápátá; ṣùgbọ́n ó kọ́ wa ní ohun tí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò gbọdọ̀ gbàgbé.

Sobìyà ń bá agbègbè náà jà, pàápàá ní Ìdèrè. Inú omi adágún ni ènìyàn ti ń mu ún. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan, aràn náà a lu ẹsẹ̀ jáde. Ẹni tí ó bá mú kò ní lè lọ sí oko, bẹ́ẹ̀ ni kò sí oògùn tí ó ń pa á. Ọ̀pọ̀ ará ìlú gbà pé inú ara ènìyàn ni sobìyà ti ń wá, pé kò kan omi. Ẹni tí ó bá dé láti Ìbàdàn lánàá tí ó sọ fún wọn pé omi yín kò dára, kò ju ẹni tí ó kọ káàdì lọ. Ohun tí ó ṣe iṣẹ́ ni pé a gbọ́ tẹnu wọn, a sì kọ́ àwọn tí a yàn láàárín àwọn ará abúlé fúnra wọn ní iṣẹ́ ìlera. Àwọn wọ̀nyí ni ó ń ta asẹ́ aláṣọ tí a fi ń sẹ́ omi fún aládùúgbò wọn. Ní ọdún 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé sobìyà ti kúrò ní Nàìjíríà. Ọwọ́ púpọ̀ ni ó para pọ̀ ṣe é.

Àwọn Àgùnbánirọ̀

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé tí ó parí ní ọdún 1970, ìjọba ológun Yakubu Gowon fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ mọ ara wọn kọjá ìlà ẹ̀yà. Ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 1973 ni wọ́n ṣe òfin tí ó dá ètò àgùnbánirọ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá gboyè yóò fi ọdún kan sin ilẹ̀ baba rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ethiopia ti ṣe irú rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Addis Ababa láti ọdún 1964. Ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà fi ẹ̀hónú hàn kí òfin tó jáde, nítorí pé a kò fi ọ̀rọ̀ lọ̀ wọ́n. Níbí, ìjọba ni ó bẹ ọ̀wẹ̀, kò bi ẹni tí yóò ṣe é, kò sì bi ìlú tí a ó ti ṣe é.

Mi ò ní sọ pé ètò náà kò wúlò. Ilé-ìwé abúlé pọ̀ tí kò bá ti ní olùkọ́ bí kì í bá ṣe ti àgùnbánirọ̀. Ṣùgbọ́n a ti san owó rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn ìdìbò ààrẹ ní oṣù Kẹrin ọdún 2011, àwọn onírúkèrúdò pa àwọn àgùnbánirọ̀ tí ó bá wọn ṣe iṣẹ́ ìdìbò ní Ìpínlẹ̀ Bauchi. Ọmọ tí a rán lọ sin ìlú, tí ìlú kò sì mọ̀ ní tirẹ̀, ewu ń bẹ fún un.

Ìgúnlẹ̀

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé: ẹni tí ìyà ń jẹ kì í sábà ní ohùn tí yóò fi pe ènìyàn. Ṣé kí a jókòó títí tí aláìsàn yóò fi bẹ̀ wá ni? Òótọ́ ni wọ́n sọ. Barnett kò dúró de ìpè, bẹ́ẹ̀ ni àwọn dókítà Ìbàràpá. Èsì tí ìtàn fi lélẹ̀ ni pé ènìyàn lè dé láìjẹ́ pé a pè é, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ wà níbẹ̀ láìjẹ́ pé a pè é. Ó níláti gbé ibẹ̀ pẹ́ tó kí onílé tó lè sọ fún un pé èyí ni iṣẹ́ tí mo ní, fi tìrẹ yẹn sílẹ̀. Ó sì níláti gba ohun tí onílé bá gbé kalẹ̀, ìbáà ṣe ẹ̀kọ́ àti omi, nítorí pé ẹni tí kò jẹ oúnjẹ olówẹ̀ ti sọ olówẹ̀ di alágbe.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Bí ẹgbẹ́ yín bá tún fẹ́ jáde lọ ṣe iṣẹ́ ìlú, ẹ rán ènìyàn méjì ṣáájú sí ọ̀dọ̀ baálẹ̀ àti ìyálọ́jà. Kí wọ́n má ṣe mú ìgbálẹ̀ tàbí ẹ̀rọ ayàwòrán dání. Kí wọ́n béèrè iṣẹ́ tí ìlú ní, kí wọ́n sì béèrè ọjọ́ tí ó rọ ìlú lọ́rùn. Bí wọ́n bá ní kí ẹ padà wá lẹ́yìn ìkórè, ẹ padà lọ lẹ́yìn ìkórè.