Ta Ni Yóò Delé?

Bí ọba bá wàjà ní ọ̀pọ̀ ìlú ní ilẹ̀ Yorùbá, a kì í fi ìtẹ́ sílẹ̀ lófìfo. Adelé á ti wà níbẹ̀ kí ìlú tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí yóò jẹ oyè. Àwọn tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà fún ilé ìfowópamọ́ àti ilé ìwòsàn pẹ́ kí wọ́n tó fi ọkàn sí irú ètò yìí. Ẹ̀dà ni wọ́n gbájú mọ́: kí gbogbo ìwé wà ní méjì-méjì, kí ọ̀kan wà níbòmíì. Ṣùgbọ́n bí mo bá wo ìtàn iṣẹ́ náà láti 1978 wá, ẹ̀dà kọ́ ló sábà ń já wọn kulẹ̀. Adelé ni, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí a yàn pé kó gba iṣẹ́ lọ́jọ́ tí ilé bá jó, tí a kò sì padà wò láti ọjọ́ tí a ti yàn án.

Ní 1978, ní ìlú Philadelphia, ilé iṣẹ́ kan tó jáde lára ilé iṣẹ́ epo Sun Oil, tí a wá mọ̀ sí SunGard, sọ títọ́jú adelé di òwò. Kọ̀ǹpútà ńlá wà níbẹ̀, ó wà ní títàn, ó ń retí. Oníbàárà á máa sanwó. Bí àjálù bá dé, á kó téèpù tí ẹ̀dà ìwé rẹ̀ wà sínú ọkọ̀, á gba ibẹ̀ lọ. Ètò tó dára ni. Àmọ́ ọ̀pọ̀ oníbàárà ló jọ ń sanwó lórí kọ̀ǹpútà kan náà, nítorí a kò retí pé ilé gbogbo wọn á jó lọ́jọ́ kan. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ké gbàjarè ni wọ́n á gbà wọlé. Adelé kan fún ọ̀pọ̀ ìtẹ́ nìyẹn. Bí iná bá jó ilé kan, kò sí wàhálà. Bí omi bá ya wọ odindi ìlú, ẹni tó pẹ́ dé á bá àyè tó ti kún.

Ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹsàn-án 2001 fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju irin lọ. Ilé iṣẹ́ Cantor Fitzgerald, tó ń ta ìwé gbèsè ìjọba Amẹ́ríkà, wà ní òkè téńté ọ̀kan nínú ilé gogoro méjì World Trade Center ní New York. Òṣìṣẹ́ 658 ni wọ́n pàdánù láàárọ̀ ọjọ́ náà, nígbà tí àwọn apániláyà fi ọkọ̀ òfuurufú kọlu ilé náà. Wọ́n ní adelé: kọ̀ǹpútà àrọ́pò wà ní Rochelle Park, ní New Jersey, wọ́n sì padà sẹ́nu òwò ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù náà, nígbà tí ọjà ìwé gbèsè tún ṣí. Síbẹ̀ Howard Lutnick, olórí wọn nígbà náà, sọ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé password ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n nílò ti bá àwọn tó mọ̀ ọ́n lọ. Wọ́n ń pe ìdílé àwọn olóògbé lórí fóònù, nínú ọ̀fọ̀ tó ṣì tutù, wọ́n ń béèrè ọjọ́ ìgbéyàwó, wọ́n ń béèrè orúkọ ajá, kí àwọn amọ̀ṣẹ́ lè fi méfò. Ẹ̀dà wà, kọ̀ǹpútà wà. Kọ́kọ́rọ́ ni a kò yan adelé fún.

Ohun tó yí iṣẹ́ náà padà ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ní àwọn ọdún 1960, ní Cambridge ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, àwọn òṣìṣẹ́ IBM kọ́ ètò CP-40, tó mú kí kọ̀ǹpútà kan máa ṣe bí ọ̀pọ̀. VM/370 tẹ̀ lé e ní 1972. Virtual machine ni a ń pe irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀: kò ní irin tirẹ̀, àlejò ni lára irin tó gbà á. VMware, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1998, mú un dé orí kọ̀ǹpútà tí agbára ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ká. Nígbà tó di 2003, àlejò lè ṣí láti ọ̀dọ̀ agbàlejò kan lọ sọ́dọ̀ òmíì láìjẹ́ pé iṣẹ́ dúró. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà ti là tí a fi lè yan adelé fún virtual machine kọ̀ọ̀kan, dípò ilé iṣẹ́ lódindi.

Ẹ jẹ́ kí a wo software Zerto, tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é bẹ̀rẹ̀ ní 2009. Virtual machine kékeré kan tí wọ́n ń pè ní VRA máa ń jókòó lórí agbàlejò kọ̀ọ̀kan. Gbogbo àyípadà tó bá ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́, VRA tó wà lórí agbàlejò tí a yàn ní ìlú kejì ni yóò tẹ́wọ́ gbà á, tí yóò sì tọ́jú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí agbàlejò yẹn bá gbó, tàbí tí a fẹ́ tún un ṣe, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ adelé fún òmíì. Bí àwọn méjèèjì bá lè dé ibi tí dísíìkì wà, ẹ̀dà kò ní kúrò lójú kan. Ọwọ́ tó ń kọ ọ́ ló yí padà. Bí a bá gbàgbé, tí a kàn pa agbàlejò náà, àmì ìkìlọ̀ á yọ lójú ẹ̀rọ ẹni tó ń bójú tó o, ṣùgbọ́n àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà kò ní mọ nǹkan kan. Owó ń wọlé, ìwé ń jáde. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń lò ti wà ní ìhòòhò.

Ẹnìkan lè sọ pé mo ń fojú kéré ẹ̀dà, pé adelé tí kò ní ẹ̀dà kò lè ṣe nǹkan kan. Òótọ́ ni. Nígbà tí iná jó ilé kọ̀ǹpútà OVHcloud ní Strasbourg ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹta 2021, àwọn oníbàárà kan pàdánù ìwé àti ẹ̀dà pa pọ̀. Àmọ́ kí ló fà á? Inú àgbàlá kan náà ni méjèèjì wà. Adelé ń sùn nínú yàrá ọba. Ìbéèrè ibi tí ẹ̀dà wà àti ìbéèrè ẹni tí yóò delé, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Àtakò kejì le jù: wọ́n ní software òde òní lè yan agbàlejò fúnra rẹ̀, kí ni a tún ń wò? Ó lè yàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú àwọn tí a kó síwájú rẹ̀ ni, ìwọ̀n agbára wọn ló sì ń wò. Kò mọ̀ bóyá epo kan náà ni gbogbo wọn ń mu. Ní alẹ́ ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹwàá 2012, ìjì Sandy ti omi òkun wọ New York. Ní ilé tó wà ní 75 Broad Street, jẹnẹrétọ̀ tó ń gbé kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ Peer 1 wà lókè, omi kò lè dé ibẹ̀. Ìsàlẹ̀ ilé ni ohun tó ń fa epo sókè wà, omi sì bò ó. Àwọn òṣìṣẹ́ Peer 1 àti ti àwọn oníbàárà rẹ̀, Squarespace àti Fog Creek, tò sórí àtẹ̀gùn nínú òkùnkùn, wọ́n ń gbé epo dísẹ̀lì nínú korobá dé àjà kẹtàdínlógún. Ìjì náà kò dé lójijì. Ó ti ku ọjọ́ kan kí ó dé tí ìjọba ìlú ti ní kí àwọn tó ń gbé létí omi kó kúrò. Ọjọ́ kan ṣì tó láti gbé iṣẹ́ fún agbàlejò ìlú mìíràn, bí a bá ti yàn án sílẹ̀.