Rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń fọ́ táńkì ogun di ohun àkójọ l'Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ọ̀dà ara rẹ̀ kò ṣeé gbọ́kàn lé

Lára àwọn ohun ogun àtijọ́ tí àwọn kan ń ṣà jọ sílé l'Amẹ́ríkà ni ọta tí àwọn ológun orílẹ̀-èdè náà fi ń fọ́ táńkì lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì. Gbajúmọ̀ inú wọn ni rọ́kẹ́ẹ̀tì básúkà, ohun ìjà gbọọrọ bíi páìpù omi tí ọmọ-ogun kan ń gbé lé èjìká, tí ẹnì kejì yóò sì ki ọta sí i láti ẹ̀yìn. Ọdún 1942 ló kọ́kọ́ dé ojú ogun ní Àríwá Áfíríkà. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ: ó jọ fèrè onípáìpù tí aláwàdà kan, Bob Burns, ń fọn, tó pè ní bazooka.

Ẹni tó mọ̀ wọ́n kì í ṣi M6A1 mú fún M6A3. Orí ti àkọ́kọ́ rí ṣóńṣó. Ti èkejì rí róbótó, ìrù rẹ̀ sì dà bí agolo. Nǹkan bí ìdajì pọ́ùn bọ́ǹbù ló wà lórí M6A3. Irin tó ní ihò bí àrọ ni wọ́n fi tẹ́ iwájú rẹ̀, kí agbára ìbúgbàù lè ṣù jọ sójú kan, kó sì lu ara táńkì já.

M7 ni wọ́n ṣe fún ìdánrawò. Kò sí bọ́ǹbù lórí rẹ̀, ọ̀dà búlúù ni wọ́n sì kùn ún, ni àwọn aṣàkójọ tuntun fi ń rò pé kò léwu rárá. Ẹ̀tù tó ń tì í lọ ṣì lè wà nínú ìrù rẹ̀. Bí iná kò bá sì tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Yàtọ̀ sí èyí, ta ni kò lè ra ọ̀dà búlúù? Èyí tó dájú pé wọ́n ti tú ni èyí tí wọ́n lu ihò sí lára, tí inú rẹ̀ sì hàn gbangba pé ó ṣófo.

Ọjọ́ orí kì í pa ẹ̀tù. Ní Virginia lọ́dún 2008, ọkùnrin kan tó máa ń tún ọta àgbá ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ṣe kú nígbà tí ọ̀kan bú gbàmù mọ́ ọn. Ọta náà ti lé ní 140 ọdún.

Òfin ọdún 1968 ka rọ́kẹ́ẹ̀tì tí bọ́ǹbù rẹ̀ bá ju ìdá kan nínú mẹ́rin áùnsì lọ sí ohun ìparun. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé ATF, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ìbọn àti bọ́ǹbù, owó-orí 200 dọ́là sì wà lórí rẹ̀ bó bá fẹ́ ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ti ẹlòmíràn. Èyí tí ọmọ bá bá nínú àpótí bàbá rẹ̀ tó jagun, tí kò sí nínú ìwé, kò ṣeé forúkọ sílẹ̀ mọ́. Kó má fọwọ́ kàn án, kó jáde nínú yàrá náà, kó pe ọlọ́pàá. Àwọn ni yóò ké sí àwọn tó ń tú bọ́ǹbù.