Àfọwọ́kọ Johnson Tó Sọnù àti Fáìlì Inú Kọ̀ǹpútà Wa

Kò sí bí a ṣe fẹ́ kọ nípa Ọ̀yọ́ Ilé tàbí ogun Kírìjì tí a kò ní dé ọ̀dọ̀ Samuel Johnson, ẹni tó kọ The History of the Yorubas. Àmọ́ díẹ̀ nínú wa ló mọ̀ pé ìwé tí à ń kà yẹn kọ́ ni Johnson fọwọ́ ara rẹ̀ kọ parí. Èyí tó kọ parí ti sọnù.

Àlùfáà ni Johnson nílùú Ọ̀yọ́. Ó ń bà á lẹ́rù pé àwọn àgbà ń kú lọ, kí ìtàn má baà bá wọn wọlẹ̀. Ó gbọ́ tẹnu àwọn arọ́kin, ó lé ní 20 ọdún lẹ́nu iṣẹ́ náà, ó sì parí rẹ̀ ní 1897. Ní 1899, wọ́n fi àfọwọ́kọ náà ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé kan ní ìlú Òyìnbó. Wọn ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Nígbà tí àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, débẹ̀ ní 1900 tó sì béèrè, wọ́n ní àwọn ò rí i mọ́, àwọn sì ṣe tán láti san owó rẹ̀. Èló ni èèyàn máa gbà lórí iṣẹ́ 20 ọdún? Samuel kú ní 1901, kò fojú kan ìwé rẹ̀.

Ohun tó kó iṣẹ́ náà yọ ni àwọn àkọsílẹ̀ àti ìwé tí kò tíì tún ṣe tó fi sílẹ̀. Inú wọn ni Obadiah ti tún gbogbo rẹ̀ kọ. Nígbà tó tún fi í ránṣẹ́ ní 1916, àwọn ará Jámánì gba Appam, ọkọ̀ ojú omi tó gbé e, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Orí ló yọ ìwé náà. Ó jáde ní 1921, Obadiah fúnra rẹ̀ sì ti kú ní 1920.

Àkọsílẹ̀ wà nílẹ̀, ẹ̀dà iṣẹ́ tó ti parí ni kò sí. Ohun tí ìyẹn ná wọn ni ọdún 22. Títí dòní, kò rọrùn láti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ Samuel parí sí àti ibi tí ti Obadiah ti bẹ̀rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà ti sọ ẹ̀dà ṣíṣe di iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n ewu náà ṣì wà. Ní 1998, ní ilé iṣẹ́ Pixar ní Amẹ́ríkà, ẹnì kan tẹ àṣẹ kan, púpọ̀ nínú fáìlì fíìmù Toy Story 2 sì pa rẹ́. Wọ́n ní ẹ̀dà ìpamọ́ o, ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n fẹ́ lò ó ni wọ́n tó mọ̀ pé kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ̀dà tó wà lórí kọ̀ǹpútà ilé Galyn Susman ló yọ wọ́n: ó ń ti ilé ṣiṣẹ́ nítorí pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹ̀yin tí próójẹ́ẹ̀tì wà lọ́rùn yín, ẹ ní ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀kan lórí fílááṣì, ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má kó fílááṣì àti kọ̀ǹpútà sínú báàgì kan náà. Olè kan ṣoṣo ló máa gbé méjèèjì. Bí Google Drive bá so mọ́ kọ̀ǹpútà yín, ẹ rántí pé ohun tí ẹ bá pa rẹ́ níbí lè pa rẹ́ lọ́hùn-ún náà. Ẹ kọ ọjọ́ sára orúkọ fáìlì, ẹ má sì ju èyí àtijọ́ nù kíákíá. Ìwé àtijọ́ ló gba Johnson là. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ ṣí ẹ̀dà náà wò bóyá ó ṣeé kà.

Èyí tó ká wa lára jù ni ohùn àwọn àgbà tí à ń gbà sórí fóònù fún iṣẹ́ ìwádìí. A lè tún orí kejì próójẹ́ẹ̀tì kọ. Ṣùgbọ́n bí ohùn bàbá ẹni 90 ọdún bá sọnù, ta la fẹ́ padà lọ bá?