Àṣẹ Orílẹ̀-èdè Lójú Òfin: Àríwòye Lórí Ẹjọ́ Bakassi

Kókó tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú bébà yìí ni àṣẹ tí orílẹ̀-èdè ní lórí ilẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1576, Jean Bodin, onímọ̀ òfin ilẹ̀ Faransé, ṣàlàyé pé àṣẹ yìí ló ga jù lọ, kò sì ṣé é pín. Àwọn onímọ̀ òfin ìran tuntun kò fara mọ́ èyí. Martti Koskenniemi (1989) sọ pé a lè fi èrò àṣẹ kan náà gbèjà olùpẹ̀jọ́, kí a tún fi gbèjà olùjẹ́jọ́. Antony Anghie (2005) ní tirẹ̀ fi hàn pé ibi tí àwọn ará Yúróòpù ti ń gba ilẹ̀ onílẹ̀ ni èrò náà ti dàgbà.

Ẹjọ́ Bakassi jẹ́rìí sí èyí. Ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1884, àwọn ọba àti ìjòyè Calabar tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ààbò ni Gẹ̀ẹ́sì ṣèlérí fún wọn. Ní ọdún 1913, Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì pààlà, Bakassi sì bọ́ sí apá Kamẹrúùnù. Àwọn ọba náà kò sí lára àwọn tó tọwọ́ bọ ìwé yìí.

Nàìjíríà rò ó níwájú Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé pé ẹnìkan kì í fi ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ tọrẹ. Ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹwàá, ọdún 2002, adájọ́ 13 dá Kamẹrúùnù láre. Mẹ́ta kò gbà, Bọ́lá Ajíbọ́lá sì wà lára wọn. Ilé-ẹjọ́ náà ní òfin ayé ìgbà náà fún Gẹ̀ẹ́sì lágbára láti pààlà, ó sì ka àdéhùn Maroua ti ọdún 1975 sí Nàìjíríà lọ́rùn. Àbùkù ìdájọ́ náà hàn kedere: nígbà tí a fẹ́ gba ìwé, àwọn ọba ní àṣẹ tó láti tọwọ́ bọ̀ ọ́, nígbà tí a fẹ́ túmọ̀ rẹ̀, àṣẹ náà ti pòórá.

Síbẹ̀, bí a bá ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni àṣẹ, kí ni orílẹ̀-èdè tí kò lágbára yóò fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀? Ní ìgúnlẹ̀, kì í ṣe pé kí a sọ èrò náà nù ló yẹ, bí kò ṣe kí a máa bèèrè ẹni tó ń túmọ̀ rẹ̀. Ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ ló mú kí ilẹ̀ àwọn apẹja Bakassi bọ́ sábẹ́ ìjọba mìíràn pátápátá ní ọdún 2008.