Agbo Ilé Kan, Ojúlé Mẹ́ta

Aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo ti jókòó ti kọ̀ǹpútà, kí iná tó lọ. Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa gbé lé mi lọ́wọ́ ni kí n la ojúlé mẹ́ta sínú ìkànnì wa, fún ẹ̀ka Èkó, London àti Houston. Orúkọ ìkànnì kò ní yí padà. Èèyàn á kàn fi /eko, /london tàbí /houston tì í lẹ́yìn. Ẹ̀ka London ti dá ìkànnì tiwọn ní rí. Ẹni tó fi orúkọ ara rẹ̀ gba ìkànnì náà kúrò nínú ẹgbẹ́, kò sẹ́ni tó san owó ọdún, gbogbo àwòrán ayẹyẹ wọn sì bá a lọ. Ó dùn mí gan-an, òun ló jẹ́ kí n gba iṣẹ́ yìí.

Ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ṣe, fáìlì àti dátábéèsì. Wákàtí kan àtààbọ̀ ló gbà. Ẹ má fo ìyẹn láéláé.

Aago mẹ́jọ. WordPress la fi kọ́ ìkànnì náà, láti ẹ̀yà 3.0 tó jáde ní ọdún 2010 ló sì ti ń gba ìkànnì púpọ̀ sínú ẹyọ kan. Mo pa gbogbo plugin (àwọn àfikún ìkànnì), mo ṣí fáìlì ètò wp-config.php, mo fi ìlà WP_ALLOW_MULTISITE sí i. Ohun tí WordPress fi lọ̀ mí ni kí n fi orúkọ ẹ̀ka ṣíwájú orúkọ ìkànnì. Kò mẹ́nu kan fódà, ìyẹn irú /eko tí a fẹ́, rárá.

Kó tó di aago mẹ́sàn-án, mo ti mọ ìdí. Bí ìkànnì bá ti ní àkọsílẹ̀ tó lé ní oṣù kan, WordPress kì í fẹ́ lo fódà, nítorí ojú ewé àtijọ́ kan lè ti máa jẹ́ orúkọ tí ojúlé tuntun fẹ́ jẹ́. Òótọ́ sì ni o! Nígbà tí mo wá inú ìkànnì wa, mo bá ojú ewé kan tó ń jẹ́ /london níbẹ̀. Mo sọ ọ́ di /iroyin-london, mo wá fi ALLOW_SUBDIRECTORY_INSTALL sí wp-config.php. Fódà yọjú.

Aago mọ́kànlá, ojúlé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti dúró. Fóònù dún. Akọ̀wé London ni.

“Ẹ káàárọ̀ mà.”

“Káàárọ̀, àbúrò. Ìkéde òkú Bàbá Alága tí mo fi sórí WhatsApp kò ṣí mọ́ o. Alẹ́ òní sì ni àìsùn!”

Àyà mi já. WordPress ti fi /blog ṣíwájú àdírẹ́sì gbogbo ìròyìn tó wà ní ìkànnì àgbà, kó má baà kọ lu orúkọ àwọn ojúlé. Gbogbo líǹkì tí àwọn èèyàn ti pín kiri di òkú lẹ́sẹ̀ kan náà. Mo lọ sí ibi ètò àpapọ̀, mo yọ /blog kúrò nínú ètò àdírẹ́sì, mo tún ojú ewé náà ṣí. Àwòrán bàbá nínú agbádá àlàárì yọ. Mo pe Akọ̀wé padà.

“Ó ti ṣí. O ṣeun, àbúrò.”

Ọ̀sán rọrùn. Ojúlé kọ̀ọ̀kan ló ní aago tirẹ̀. Houston kò sí nínú àwọn ìlú tí WordPress tò sílẹ̀. Chicago ni mo mú, aago kan náà ni wọ́n ń lò.

Aago mẹ́rin, mo fún akọ̀wé kọ̀ọ̀kan ní kọ́kọ́rọ́ ojúlé rẹ̀. Wọ́n lè kọ ìròyìn, wọ́n lè kó àwòrán sí i, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mú kọ́kọ́rọ́ àgbà nìkan ló lè fi plugin tuntun sí i. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, torí plugin burúkú kan lè wó gbogbo agbo ilé.

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, mo wo orúkọ ẹni tí a fi gba ìkànnì àgbà fúnra rẹ̀. Orúkọ èmi ni. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí i sí orúkọ ẹgbẹ́, pẹ̀lú ímeèlì olóyè méjì lórí rẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, kí ẹ tó la ojúlé kankan, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ wo orúkọ ẹni tí ẹ fi gba ilé yín.