Orín Ata: Láti Ẹnu dé Inú Ẹ̀jẹ̀

Nínú orín tí wọ́n ń tà ní ìdì-ìdì ní ọjà Ẹ̀gbẹ́dá, ó rọrùn láti dá orín ata mọ̀, nítorí pé inú gbòǹgbò rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, ó sì máa ń ta lẹ́nu débi pé ahọ́n ẹni tó ń rún un á fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Igi ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n ti ń gé e ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Fagara tàbí Zanthoxylum zanthoxyloides.

Ọ̀rọ̀ ehín ló kọ́kọ́ gbé e wọ yàrá àyẹ̀wò ní Yunifásítì Ifẹ̀, tó di Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987, nítorí pé àwọn apòògùn ibẹ̀ fẹ́ mọ̀ bóyá omi orín ń pa kòkòrò àìfojúrí. Inú àwo tí wọ́n po ẹ̀jẹ̀ mọ́ oúnjẹ kòkòrò ni wọ́n ti ṣàkíyèsí pé ẹ̀jẹ̀ tí omi orín ata kàn kò tètè ṣá. Àkíyèsí yìí, pé omi orín ata ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, tí ẹlòmíràn ìbá fojú fò, ló yí iṣẹ́ náà padà sí fòníkú-fọ̀ladìde, àrùn ẹ̀jẹ̀ tí dókítà James Herrick kọ́kọ́ ṣàpèjúwe nínú ìwé ìṣègùn ní Chicago ní 1910. Bí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn bá ti kúrò lára sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ẹni tó ní in, sẹ́ẹ̀lì náà á tẹ̀ bí dòjé, á dí òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín, egungun á sì máa ro onítọ̀hún gidigidi.

Ọ̀nà àyẹ̀wò náà kò lọ́jú pọ̀: wọn á fi kẹ́míkà fa ọ́síjìn kúrò nínú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan, wọn á fi máíkírósíkópù wò ó títí sẹ́ẹ̀lì á fi tẹ̀, wọn á wá da omi gbòǹgbò sí i, wọn á sì fi wé èyí tí wọn kò da nǹkan kan sí. Ní 1971, Abáyọ̀mí Ṣófowórà àti W. A. Isaacs, tí wọ́n ṣe ìwádìí náà, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ Lloydia pé sẹ́ẹ̀lì tó ti tẹ̀ padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ní 1975, ìròyìn jáde nípa èròjà tí wọ́n yọ nínú gbòǹgbò náà, àti nípa ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n dán an wò lára aláìsàn, ohun tó ṣòro ju ti inú ìgò lọ, nítorí pé ẹ̀dọ̀ ènìyàn kì í sábà jẹ́ kí oògùn tí a gbé mì wọ inú ẹ̀jẹ̀ láìfọwọ́ kàn án.

Ní Burkina Faso, wọ́n ti po Fagara mọ́ bomubomu, wọ́n sì fi ṣe oògùn fòníkú-fọ̀ladìde tí wọ́n ń pè ní FACA. Ní Ẹ̀gbẹ́dá, ehín ni wọ́n ṣì ń ta orín ata fún.