Àṣírí Méjì Inú Àkàrà Belém

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bí ènìyàn bá rí àkàrà òyìnbó kékeré kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ, tí ara rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ewé gbígbẹ, tí inú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, tí iná sì ti fi àmì dúdú sí i lórí káàkiri, ó lè rò pé ìpanu lásán ni. Pastel de nata ni àwọn Potogí ń pè é. Ọ̀rá tó máa ń léfòó sórí wàrà ni wọ́n ń pè ní nata. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wádìí ibi tí àwọn èròjà rẹ̀ ti wá yóò rí i pé ìtàn tó gbòòrò ni a ká sínú ìwọ̀nba ìyẹ̀fun náà.

Belém, èyí tí í ṣe Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ní èdè Potogí, jẹ́ àdúgbò kan létí odò Tagus ní ìlú Lisbon. Níbẹ̀ ni ọba Manuel Kìíní ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé ńlá kan fún àwọn mọ́ńkì ẹgbẹ́ Jẹ́rómù Mímọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Owó òde tí ọba ń gbà lórí ọjà tó ń ti Áfíríkà àti Ìlà-Oòrùn wọlé wà lára ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ, inú rẹ̀ sì ni ibojì Vasco da Gama wà títí di òní. Láti ìpìlẹ̀, ilé àdúrà yìí kò jìnnà sí òwò orí òkun.

Ìtàn tí àwọn Potogí máa ń sọ ni pé funfun ẹyin wúlò púpọ̀ ní ilé àwọn mọ́ńkì àti ti àwọn obìnrin ẹlẹ́jẹ̀ẹ́. Wọ́n ń fi í ṣe sítáàṣì sára aṣọ, wọ́n sì ń fi í tọ́ wáìnì kí ó lè mọ́. Pupa rẹ̀ a wá ṣẹ́kù rẹpẹtẹ. Kí ó má baà ṣòfò ni wọ́n ṣe ń fi ṣúgà sè é ní oríṣiríṣi. Òótọ́ ni pé títí di òní, pupa ẹyin àti ṣúgà ni òpó tó gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun dídùn tó ti ilé ẹ̀sìn wọ̀nyẹn jáde ró.

Ẹyin lè ti inú ọgbà wá. Ìrèké kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ní erékùṣù Madeira ni àwọn Potogí ti gbin ìrèké ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n gbé e dé São Tomé, ní etí ilẹ̀ Áfíríkà tiwa níhìn-ín, lẹ́yìn náà wọ́n gbé e kọjá sí Brazil. Bí ìrèké ti ń lọ ni àwọn ẹrú ń tẹ̀lé e. Àwọn ni wọ́n ń ṣán oko, àwọn ni wọ́n ń gé ìrèké, àwọn ni wọ́n ń dúró ti ìkòkò gbígbóná lóru nígbà tí omi ìrèké bá ń hó. Bí wàrà àti ẹyin bá jẹ́ ti Lisbon, òógùn Áfíríkà ni ó mú un dùn.

Ọdún mẹ́ta ni kí a fi ojú sí dáadáa. Ní ọdún 1834, ìjọba tuntun ní ilẹ̀ Potogí fi òfin pa ẹgbẹ́ àwọn mọ́ńkì rẹ́, wọ́n sì gba ilé wọn. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1835, ní ìlú Salvador ní Bahia, àwọn ẹrú àti àwọn tó ti gba òmìnira dìde ogun sí àwọn tó ń jẹ gàba lé wọn lórí. Mùsùlùmí ni wọ́n, ọmọ Yorùbá sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọ̀rọ̀ wa, ìmàle, ni àwọn ará ibẹ̀ fi sọ ogun náà lórúkọ. Wọ́n ṣẹ́gun wọn, wọ́n pa nínú wọn, wọ́n nà nínú wọn, wọ́n sì lé ọ̀pọ̀ kúrò nílùú. Ní ọdún 1837, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àkàrà àwọn mọ́ńkì tà ní Belém, nínú ilé kan tó so mọ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ ṣúgà. Ilé ìtajà náà ṣì wà níbẹ̀. Ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ló mọ bí wọ́n ṣe ń po èròjà rẹ̀, inú yàrá títì ni wọ́n sì ti ń pò ó. Àwọn nìkan ló ń pe tiwọn ní Pastéis de Belém. Pastel de nata ni ti gbogbo ayé yòókù.

Síbẹ̀, ìlẹ̀kùn títì kò dí aláàárò lọ́wọ́. Ìwé ìdáná kan tó jẹ́ ti Maria, ọmọ ọmọ ọba Manuel, ti ṣàlàyé irú àkàrà oníwàrà bẹ́ẹ̀ láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ẹni tó bá sì ní sùúrù lè ṣe é nílé. A ó fi omi àti iyọ̀ díẹ̀ po ìyẹ̀fun àlìkámà, a ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, a ó fi bọ́tà pa á, a ó ṣẹ́ ẹ lé ara rẹ̀, a ó sì tún tẹ́ ẹ, bí ẹ̀ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ni a ó ká a bí ẹni ká ẹní, a ó gbé e síbi tó tutù kí bọ́tà lè dì. A ó gé e ní wẹ́wẹ́, a ó fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan sínú agolo kékeré, a ó sì fi àtàǹpàkò tí a rì bọ omi tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sí etí. Nítorí pé a ti ká a, ìpele rẹ̀ yóò yí agolo po. Bí iná bá mú un, ọ̀kan yóò ya kúrò lára èkejì.

Ní ti inú rẹ̀, a ó se ṣúgà, omi, èèpo lẹ́mọ́ọ̀nù àti kinamóní tí àwọn olùka Bíbélì mọ̀, títí yóò fi ki díẹ̀. A ó fi wàrà po ìyẹ̀fun díẹ̀ sọ́tọ̀, a ó máa rò ó lórí iná bí ẹni ń ro ògì, a ó sì rọra da omi ṣúgà sí i. Ìgbà tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni pupa ẹyin tó wọ̀ ọ́. Bí ó bá gbóná jù, ẹyin yóò dì ní kókó. Iná ni ọ̀gá iṣẹ́ yìí. Ààrò àwọn tó ń ṣe é tà gbóná ju ti ilé lọ, nítorí náà ẹni tó wà nílé gbọ́dọ̀ tan tirẹ̀ dé òpin agbára rẹ̀, bí ìwọ̀n 250 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí ó sì jẹ́ kó gbóná dénú kó tó gbé agolo sí i. Bí iná bá kéré, inú àkàrà yóò ti jinná jù kí àmì dúdú tó yọ.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, aláàárò yóò wẹ̀yìn wò, yóò rí àwo kan tó kún fún funfun ẹyin, kò sì ní mọ ohun tí yóò fi í ṣe. Ohun tí àwọn mọ́ńkì ń wá ni ó ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́; èyí tó ṣẹ́kù sí wọn lọ́wọ́ ni òun ń wá. Bí ìtàn ṣe máa ń yí padà nìyẹn: àjẹkù ìgbà kan a di àṣàyàn ìgbà mìíràn.

Àṣírí àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n tì mọ́ yàrá ní Belém, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára. Àṣírí kejì ni ti àwọn tó ṣe ṣúgà. Kò sí ìlẹ̀kùn tí a tì mọ́ èyí. Àìbéèrè ni ó sọ ọ́ di àṣírí. Lára àwọn ọmọ Yorùbá tó ti Brazil padà wá sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí wọ́n tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà, ni a ti mọ fùrèjọ́n, ẹ̀wà tí a fi omi àgbọn sè, tí a sì ń fi ṣúgà sí. Àwọn ọmọ wọn ṣì ń jẹ ẹ́ ní Ọjọ́ Ẹtì Rere. Ó yẹ kí ẹni tó bá ń wọn ṣúgà fún àkàrà Belém rántí abọ́ ẹ̀wà yẹn pẹ̀lú, nítorí ọwọ́ kan náà ló gé ìrèké àwọn méjèèjì.